Resolve ò rí àwòrán fíìmù mi lórí Linux: ṣé kí n padà sí Windows ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Fíìmù kékeré kan tí gígùn rẹ̀ yóò tó ogún ìṣẹ́jú ni mò ń ṣe. Kámẹ́rà Sony la fi ya ọ̀pọ̀ rẹ̀, ní 4K àti S-Log3 (ọ̀nà Sony tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ pọ̀ sínú fídíò, kí a lè tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn), 25 fps, ìyẹn àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ fóònù la fi yà á. Gbogbo ohun tí a yà tó wákàtí márùn-ún. Láptọ́ọ̀pù mi ń lo Ubuntu, RAM rẹ̀ jẹ́ 16 GB, ó sì ní káàdì NVIDIA oní-4 GB. Mo fi DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gé fídíò tí wọ́n sì fi ń tún àwọ̀ ṣe, sí i, ó ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni fáìlì kámẹ́rà ń gbé wọlé, kò sí àwòrán. Ti fóònù ò tilẹ̀ wọlé rárá. Àwọn kan ní kí n padà sí Windows, àwọn kan ní kí n ra Studio, ìyẹn Resolve olówó, ẹnì kan ní kí n gbàgbé Resolve kí n lo Kdenlive, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ mìíràn fún gígé fídíò. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé àwọ̀ fíìmù tí a ṣe lórí Linux tilẹ̀ lè dára débi tí a ó fi gbé e lọ sí sinimá?"

Ẹ ṣé tí ẹ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ báyìí, torí inú ohun tí ẹ kọ gan-an ni ìdáhùn ti ń yọjú. Fáìlì kámẹ́rà ní ohùn, kò ní àwòrán; ti fóònù ò wọlé rárá. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì yìí ló ń tọ́ka sí ibi tí ìṣòro wà. Kò sí ohun tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín, fáìlì yín ò bàjẹ́, bí ẹ sì ṣe fi Resolve síbẹ̀ náà ò ní àbùkù. MP4 kàn jẹ́ àpò ni. Ohun tí Resolve ń wò ni codec, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi tẹ àwòrán pọ̀ sínú àpò náà, àti èyí tí wọ́n fi di ohùn. Àwòrán kámẹ́rà yín jẹ́ H.264, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ PCM, tí wọn ò tẹ̀ pọ̀ rárá. Ti fóònù, àwòrán rẹ̀ jẹ́ H.264 tàbí H.265, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ AAC. Resolve ọ̀fẹ́ lórí Linux kì í ka H.264, kì í ka H.265, kì í ka AAC. PCM nìkan ló mọ̀ nínú gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn àwọn òṣèré yín láìrí ojú wọn.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i pẹ̀lú ffprobe, ohun èlò kékeré tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì. Ẹ ṣí terminal, ẹ kọ ffprobe -hide_banner, kí ẹ fi orúkọ fáìlì kan tẹ̀ lé e, kí ẹ wá ka àwọn ìlà tí ọ̀rọ̀ náà Stream wà nínú wọn. Ẹ ó rí h264 níbẹ̀, ẹ ó rí pcm_s16be fún ti kámẹ́rà àti aac fún ti fóònù. Ẹ ó tún rí ọ̀rọ̀ kan bíi yuv420p. Tí 10le bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, 10-bit ni fídíò náà. Tí kò bá sí nǹkan tó lẹ̀ mọ́ ọn, 8-bit ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí yóò pinnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Lójú tèmi, ó ṣe pàtàkì ju orúkọ sọ́fítíwíà èyíkéyìí lọ.

Kí ló fà á tí Resolve fi ń ṣe báyìí lórí Linux nìkan? H.264, H.265 àti AAC ní àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí wọn, owó ìwé àṣẹ sì wà nídìí lílò wọn nínú ọjà tí ilé-iṣẹ́ bá gbé jáde. Lórí Windows àti Mac, ilé-iṣẹ́ tó ni ètò kọ̀ǹpútà náà ti bójú tó ìyẹn, sọ́fítíwíà kàn ń lo ohun tó bá nílẹ̀ ni. Linux ò ní ẹnì kan ṣoṣo tó ni ín, tí yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Kdenlive, Shotcut àti Blender ń ka fáìlì yín láìjanpata nítorí pé orí FFmpeg, ohun èlò ọ̀fẹ́ tó ń ka fídíò tó sì ń yí i padà, ni wọ́n dúró lé. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Linux ò lè ka H.264 ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Linux ń kà á dáadáa. Resolve ọ̀fẹ́ ni kì í kà á níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n sì máa ń sọ, pé kò sẹ́ni tó ń ṣe fíìmù gidi lórí Linux, ó máa ń dùn mí, torí ó ti lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sá. Baselight ti ilé-iṣẹ́ FilmLight, tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ àwọ̀ ń lò, orí Linux ló ń ṣiṣẹ́. Flame ti Autodesk àti Nuke, tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ àrà inú àwòrán, wà lórí Linux. Resolve fúnra rẹ̀, kí Blackmagic tó ra ilé-iṣẹ́ da Vinci Systems lọ́dún 2009, orí ẹ̀rọ Linux ló wà nínú yàrá àwọn tí owó ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń fún ni ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar náà dara pọ̀ mọ́ Linux Foundation lọ́dún 2018 láti dá Academy Software Foundation sílẹ̀, tó ń bójú tó OpenColorIO àti OpenEXR, ohun èlò fún àwọ̀ àti fún fáìlì àwòrán fíìmù. Ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti pé ṣé ó ṣeé ṣe.

Ó kan ìmọ̀ràn mẹ́ta tí wọ́n fún yín. Kí n má parọ́ fún yín, tí ẹ bá fi Windows sí láptọ́ọ̀pù náà lónìí, fáìlì kámẹ́rà yín yóò wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá jẹ́ 8-bit. Ṣùgbọ́n H.264 ò rọrùn láti gé. Kámẹ́rà kì í kọ àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lódindi. Ó ń kọ ọ̀kan ní kíkún, lẹ́yìn náà ó ń kọ ohun tó yí padà nìkan fún ọ̀pọ̀ àwòrán tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ fa timeline, ìlà tí ẹ to àwọn ìran sí, sẹ́yìn, ẹ̀rọ ní láti padà lọ bá èyí tó pé, kó wá ṣírò àwọn yòókù títí yóò fi dé ibi tí ẹ wà. Ní 4K, láptọ́ọ̀pù yín yóò máa mí hẹlẹ. Láìpẹ́ ẹ ó ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe, ìyẹn ni pé ẹ ó yí fáìlì náà sí codec tí a ṣe fún gígé. Tó bá jẹ́ pé a ó yí i padà náà ni, kí ló dé tí a ó fi kúrò lórí Linux?

Studio jẹ́ ọjà gidi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san owó rẹ̀, kì í ṣe oṣooṣù. Ó ń lo káàdì NVIDIA láti ka H.264 àti H.265 lórí Linux. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni Studio pàápàá ò fi ka AAC lórí Linux, ọ̀pọ̀ ló sì ti san owó tán kí wọ́n tó mọ̀. Ẹni tó bá wà nínú irú rẹ̀ kò ní láti yí àwòrán padà, ohùn nìkan ni yóò yí. Ffmpeg pẹ̀lú -c:v copy -c:a pcm_s16le ń ṣe é kíá, torí kò fọwọ́ kan àwòrán rárá. Ohun tí mo rí pé Studio fi tó owó rẹ̀ ni ohun èlò tó ń pa ariwo inú àwòrán, ìyẹn àwọn èérún wẹ́wẹ́ tó máa ń jó nínú òkùnkùn. Tí fíìmù yín bá kún fún ìran alẹ́, ẹ fi ọkàn sí i. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, SSD ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó náà rà.

Ẹni tó dárúkọ Kdenlive náà ò ṣì yín lọ́nà pátápátá. Láti ọdún 2002 ló ti wà, ó ń ka fáìlì yín bó ṣe wà, ó ń ṣe proxy (ẹ̀dà fáìlì tó fúyẹ́ fún gígé) fúnra rẹ̀, ó sì ní waveform tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ àti vectorscope tó ń wọn àwọ̀. Ká ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ yà, pẹ̀lú àwọ̀ tí kámẹ́rà ti tò tán, inú Kdenlive ni ǹ bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ parí síbẹ̀. S-Log3 tí ẹ fi yà á ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀pọ̀ nínú effect Kdenlive ni wọ́n kọ fún 8-bit, iṣẹ́ log sì ń béèrè ju ìyẹn lọ. Blender ní node (àpótí iṣẹ́ tí a ń so kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì) tó lágbára, láti ẹ̀dà 4.0 ó sì ní AgX fún àwọ̀, àmọ́ ìran kọ̀ọ̀kan tó nílò iṣẹ́ àrà ni mo máa ń gbé lọ síbẹ̀, kì í ṣe odindi fíìmù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ log yìí, torí òun ni mo rò pé yóò dà yín láàmú ju àwòrán tí kò wọlé lọ. Fídíò 8-bit ní ìpele 256 péré fún pupa, 256 fún àwọ̀ ewé, 256 fún búlúù. 10-bit ní 1024. S-Log3 ń ki ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ gan-an sínú ìwọ̀nba ìpele yìí. Lórí waveform, dúdú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 3.5 nínú 100, bébà funfun sì wà ní nǹkan bíi 61. Gbogbo ohun tó wà láàárín dúdú àti funfun tí ojú mọ̀ dáadáa, ojú òṣèré, aṣọ, ògiri, ibi kékeré yẹn ni wọ́n há sí. Òkè rẹ̀ tó kù, iná àti oòrùn ló ni ín. Nígbà tí ẹ bá wá fà á kí ó lè rí bí ayé ṣe rí, àwọn ìpele náà á jìnnà síra, ìlà á sì máa hàn lójú ọ̀run àti lára ògiri tó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ffprobe bá fi yuv420p hàn yín láìsí 10le, ohun tí ẹ ní nìyẹn, kò sí sọ́fítíwíà tó lè dá ohun tí kámẹ́rà ò kọ padà.

Àmọ́ 4K lẹ yà, ìyẹn sì ń ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí mo dá lábàá fún yín ni kí ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí DNxHR HQX, codec tí a ṣe fún gígé, ní 1080, lórí àṣẹ kan ṣoṣo:

ffmpeg -i A001.MP4 -vf scale=1920:1080:flags=lanczos -c:v dnxhd -profile:v dnxhr_hqx -pix_fmt yuv422p10le -c:a pcm_s16le A001.mov

Nínú 4K oní-4:2:0, píksẹ́lì mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò. Tí a bá sọ ọ́ di 1080, píksẹ́lì mẹ́rin ń parapọ̀ di ẹyọ kan, àwọ̀ tó bá wọn tàn sì ń pọ̀ sí i. Nínú HQX tó jẹ́ 4:2:2, píksẹ́lì méjì péré ló ń pín àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àwọn mẹ́rin náà tí a pa pọ̀ tún ń fún wa ní ìpele tó wà láàárín, tí 10-bit á sì gbà á sílẹ̀. Kò sọ fídíò yín di 10-bit tòótọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ṣùgbọ́n ìlà ara ògiri á dínkù lójú. Káàdì oní-4 GB yín náà á rí ààyè, torí 4K ló sábà máa ń mú Resolve pariwo pé mẹ́mórì GPU ti kún. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni ààyè láti sún mọ́ ojú òṣèré lórí timeline láìjẹ́ pé àwòrán rọ̀. Tí irú ìran bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ yọ scale kúrò nínú àṣẹ náà fún ìran yẹn nìkan.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ààyè o. Ní 1080 àti 25 fps, codec yìí ń jẹ nǹkan bíi 185 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn GB kan àti ìdajì tó dín díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wákàtí márùn-ún yín á tó 420 GB. Ní 4K, ẹ fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ pa fáìlì kámẹ́rà mọ́ síbòmíràn, ẹ má sì yí orúkọ padà, kí A001.mov lè máa tọ́ka sí A001.MP4 lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ti fóònù yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó ń dín in, ó ń fi kún un bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe rí. Tí ẹ bá gbé e wọlé bẹ́ẹ̀, ẹnu òṣèré á bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ohùn bí ìran náà ṣe ń gùn. Ẹ fi -r 30 kún àṣẹ náà ṣáájú orúkọ fáìlì tó ń jáde tó bá jẹ́ nǹkan bí 30 ni fóònù yà, kí ẹ wá jẹ́ kí Optical Flow inú Resolve, tó ń ṣẹ̀dá àwòrán àárín, mú un wá sí 25. Tí ẹ bá fipá mú un sí 25 nínú ffmpeg, àwòrán márùn-ún ni yóò máa jù nù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí i bí ó ṣe ń ta nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí lọ. Optical Flow náà máa ń ba etí ọwọ́ tó ń yára jẹ́ nígbà mìíràn. Ẹ wo ìran kọ̀ọ̀kan dáadáa.

Nínú Resolve, kí ẹ tó gbé fáìlì kankan wọlé, ẹ lọ sí Project Settings, ẹ fi timeline sí 1920 x 1080 àti 25 fps. Lẹ́yìn tí fáìlì bá ti wọlé, kò ní gbà kí ẹ yí fps yẹn mọ́. Ẹ gé fíìmù náà títí yóò fi parí, kí ẹ tó fọwọ́ kan àwọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ni láti kun ìran tó dùn mọ́ni lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìran tí ẹ kùn ní àná lè jẹ́ èyí tí ẹ ó gé jù nù lọ́la.

Tó bá di ti àwọ̀, LUT (fáìlì tó ń yí àwọ̀ kan sí òmíràn) tí wọ́n ń pín kiri ló ń ba fíìmù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ́ jù. LUT tí wọ́n ṣe fún log kámẹ́rà mìíràn, tí ẹ bá gbé e lé S-Log3 yín, tàbí èyí tó burú jù, tí ẹ bá gbé e lé fídíò fóònù tí kì í ṣe log rárá, ara àwọn ènìyàn á di ọsàn, òjìji á dì. Ẹ lo Color Space Transform (CST) tó wà nínú Resolve ọ̀fẹ́. Ẹ fi sínú node tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sọ fún un pé S-Gamut3.Cine àti S-Log3 ló ń wọlé, tó bá jẹ́ òun lẹ yàn nínú kámẹ́rà, pé Rec.709, ìlànà àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n, àti gamma 2.4 ni kí ó jáde. Nínú node tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ ti tún ìmọ́lẹ̀ àti funfun ṣe, kí iṣẹ́ yín lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ohun tí kámẹ́rà kọ ṣì wà níbẹ̀. Fídíò fóònù kò nílò CST yẹn.

Ẹ gba scope, ìyẹn waveform àti vectorscope, gbọ́ ju ojú yín lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan níwájú àwòrán kan náà, ojú á ti gbà pé àwọ̀ yòówù tó wà níbẹ̀ ló tọ́. Lórí vectorscope, ìlà kan wà tí awọ ara ènìyàn máa ń tẹ̀ sí, ì báà dúdú, ì báà pọ́n. Ohun tó ń yàtọ̀ jù ni bí awọ náà ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ẹ fi mask yí iwájú orí òṣèré ká, kí ẹ wo ibi tí àmì náà dúró sí. Tí ó bá yà sí apá ewé, ìmọ́lẹ̀ iná ló wọ̀ ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ dúdú, ẹ má fipá gbé e sókè kí ó lè bá ẹnì kejì rẹ̀ dọ́gba lórí waveform. Ẹ jẹ́ kí dídán ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn, kí dúdú rẹ̀ ṣì jẹ́ dúdú.

Ojú kọ̀ǹpútà yín ni ibi tí mo ti ní ìbẹ̀rù. Ẹ kọ́kọ́ pa Night Light inú Ubuntu, ọ̀pọ̀ ló ti fi í kun odindi fíìmù láìmọ̀. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá lè yá ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, DisplayCAL àti ArgyllCMS ń bá a ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ẹ má dúró lórí fáìlì ICC (àpèjúwe àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà) tó máa ṣe, torí Resolve kì í tẹ̀ lé e níbí. Ẹ sọ fún DisplayCAL kí ó ṣe 3D LUT, kí ẹ gbé e sí Color viewer lookup table nínú Project Settings. Tó bá jẹ́ pé ojú láptọ́ọ̀pù yín kò lè gbé àwọ̀ Rec.709 yọ tán, wíwọ̀n ò ní fún un ní ohun tí kò ní. Ẹ wo fíìmù náà lórí tẹlifíṣọ̀n tó dára kan àti fóònù méjì, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ó bá parí, Resolve ọ̀fẹ́ lórí Linux kò ní gbé H.264 jáde. Ẹ gbé DNxHR HQX jáde gẹ́gẹ́ bí àgbà fáìlì, kí ẹ fi ffmpeg ṣe MP4 láti ara rẹ̀ pẹ̀lú libx264, -crf 18, àti -pix_fmt yuv420p. Ẹ fi -color_primaries bt709 -color_trc bt709 -colorspace bt709 kún un, kí ẹ̀rọ tó ń gbé e má baà máa méfò. Tí dúdú bá di eérú, tàbí tí òjìji bá rì pátápátá lórí ẹ̀rọ kan, ẹ má sáré padà sí node yín: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ka fídíò tó wà láàárín 16 sí 235 bí ẹni pé 0 sí 255 ni, tàbí kó jẹ́ òdì kejì. Fáìlì fóònù ló sábà máa ń fa èyí, torí ọ̀pọ̀ fóònù ń kọ 0 sí 255. Ffprobe á fi pc hàn yín lára rẹ̀ dípò tv.

Ti sinimá, DCP-o-matic ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Linux, ó ń yí fíìmù sí JPEG 2000 àti àwọ̀ XYZ tí ẹ̀rọ sinimá mọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ sinimá náà ṣáájú bóyá ẹ̀rọ wọn gba 25 fps, torí àwọn ti àtijọ́ kan 24 nìkan ni wọ́n mọ̀. Tó bá jẹ́ 24, fíìmù ogún ìṣẹ́jú yín yóò gùn sí i ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ á sì wálẹ̀ díẹ̀ àfi tí ẹ bá tún ìró rẹ̀ ṣe. Ẹ gbọ́ ohùn náà délẹ̀ lórí agbọ́hùn tó dára, pàápàá níbi tí orin bá wà, kí ẹ tó fi DCP náà, ìyẹn fáìlì tí sinimá ń lò, ránṣẹ́.